Dùùrù Tí Kò Ní Bọ́tìnnì

Kò sí ẹni tó kọ́ Débọ̀ Ọláníyì ní dùùrù. Nínú ìjọ tí ìyá rẹ̀ ń lọ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù rí iṣẹ́ sí Àbújá, ó sì lọ láìdágbére. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá lè fi ọwọ́ kan nǹkan náà bọ́ síwájú. Débọ̀, tí kò tíì jáde iléewé girama, bọ́ síwájú. Ohun tí ó mọ̀ kò ju kíì kan ṣoṣo lọ, èyí tí àwọn olórin ń pè ní kíì C, níbi tí ọwọ́ ti lè máa rìn lórí àwọn eyín funfun láìkan dúdú. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kékeré kan wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù náà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohùn inú ẹ̀rọ yóò gòkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ ẹni kò sì ní í kúrò níbi tó ti mọ̀. Bọ́tìnnì yìí ni ó sọ Débọ̀ di olórin.

Ní irú ìjọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í fún adárin ní ohùn. Ìyá àgbà kan lè dìde láàárín ẹ̀rí tó ń jẹ́, kí ó sì dá orin láti ibikíbi tí ọ̀fun rẹ̀ bá gbé e dé. Ojúṣe ẹni tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù ni láti wá a kàn. Débọ̀ á fi ìka kan wá ohùn náà jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, á mọ ibi tí obìnrin náà wà, á tẹ bọ́tìnnì, á sì wọlé kí ẹsẹ àkọ́kọ́ tó parí, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti jọ ṣàdéhùn rẹ̀ láti ilé. Bí adárin bá gbàgbé ọ̀rọ̀, Débọ̀ á dúró dè é. Bí ó bá fo ẹsẹ, Débọ̀ á fò ó tẹ̀lé e. Àwọn ìyá ìjọ máa ń sọ nípa rẹ̀ pé, "Ọmọ yẹn kì í jẹ́ kí ojú tini."

Nígbà tí ó wọ yunifásítì kan ní Yaba láti kẹ́kọ̀ọ́ orin, ohùn ni ó yàn, kì í ṣe dùùrù. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò dùùrù díẹ̀, ṣùgbọ́n orin kéékèèké ni wọ́n ń béèrè. Débọ̀ há wọn sórí bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń há ìsọdipúpọ̀. Ó tẹ̀ wọ́n, ó yege, ó sì gbàgbé wọn. Ó gboyè. Ó kọ́ni ní orin ní iléewé aládàáni kan ní Sùúrùlérè títí àwọn tó ni iléewé náà fi pinnu pé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sàn ju orin lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó tó gbọ́ pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì rẹ̀ àtijọ́ ń wá olùrànlọ́wọ́ olùkọ́.

Ètò náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Lọ́dọọdún, ẹ̀ka náà máa ń mú díẹ̀ nínú àwọn tó ń kàwé fún oyè kejì, á sì yan iṣẹ́ fún wọn: ẹnì kan á máa kọ́ àwọn ọdún kìíní, ẹlòmíràn á máa tọ́jú ìwé orin, ẹlòmíràn á máa tẹ dùùrù fún àwọn tó ń kọ́ orin kíkọ. Ẹni tí wọ́n bá mú kò ní í san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọn á sì máa fún un ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ní ìparí ọdún, olùkọ́ tó ń bójú tó o á kọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ̀. Orí ìwé yẹn ni ìgbìmọ̀ ẹ̀ka náà máa ń dúró lé láti dá a padà sípò tàbí láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù ipò náà kò ní pàdánù iṣẹ́ nìkan. Bí kò bá ní ẹni tí yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún un, ìwé kíkà náà ti parí nìyẹn. Débọ̀ kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Dókítà Ọmọ́níkẹ́ Adéríbigbé, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlò ohùn, ni ó fẹ́ ẹni tí yóò máa tẹ dùùrù. Obìnrin tí ó máa ń sọ̀rọ̀ níwọ̀n ni, tí kì í sì í pariwo. Lọ́jọ́ tí ó pe Débọ̀ wá kí òun gbọ́ ọwọ́ rẹ̀, píánò inú yàrá rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀rinrin ti mú kí igi rẹ̀ wú, wọ́n sì ti gbé kíbọ́ọ̀dù kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Débọ̀ wo ìwé orin tí wọ́n gbé fún un. Ó wo àwọn àmì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kà á ní sófà, do-re-mi, nínú ọkàn rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì tẹ orin náà bó ṣe yẹ kí ó dún. Dókítà ti dojú kọ fèrèsé, ó dijú, ó ń gbọ́.

"Ṣé bí wàá ṣe máa tẹ̀ ẹ́ fún wọn nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dára. Àwọn tó ń tẹ dùùrù kì í sábà mọ bí a ṣe ń dúró de akọrin."

Kò sí irọ́ nínú ìdáhùn tí Débọ̀ fún un. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó sọ.

Nílé, ìyá rẹ̀ fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ láti gbọ́ ìròyìn náà dáadáa.

"Kí ni wọ́n pe orúkọ iṣẹ́ náà?"

"Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, Mọ́mì."

"Ara olùkọ́ náà ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ le. Ipò ni."

"Ipò tí èèyàn ti ń ran ẹni tára rẹ̀ le lọ́wọ́." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ rẹ̀. "Ó dáa. Ṣáà jẹ́ kí wọ́n máa rí ẹ níbẹ̀ kí wọ́n má baà ní kò sẹ́ni."

Wọ́n ń rí i níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni ó ń ṣe. Orin tí a kọ sí kíì tó kún fún àmì, òun ni yóò yí i padà sí kíì C nínú orí ara rẹ̀ bí ojú rẹ̀ ti ń lọ lórí ìwé, láìdúró. Ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Jameelah, tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ bíi tirẹ̀, ni ó kọ́kọ́ fura. Jameelah ń kọ́ àwọn ọdún kìíní bí a ṣe ń fi etí mọ ohùn, ó sì ti ń kọ́ dùùrù láti kékeré lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Sùúrùlérè. Ó wọ yàrá ẹ̀kọ́ wá bá Débọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti yá àga, ó sì fi ìka kan nu orí kíbọ́ọ̀dù.

"Débọ̀, eruku ti bo àwọn eyín dúdú yìí o. Ti funfun ń dán bíi bàtà ológun."

"Mo ń tọ́jú wọn ni."

"Fún ta ni?"

"Fún ẹ."

Jameelah rẹ́rìn-ín, ó gbé àga rẹ̀, ó ń lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà wo kíbọ́ọ̀dù náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nínú àwọn tí Débọ̀ ń tẹ dùùrù fún, Òkìkíọlá ni ó jẹ ẹ́ lógún jù. Ọdún kẹta ni ó wà, ọmọbìnrin oníṣòwò kan ní Òtò. Ohùn rẹ̀ mọ́ lókè bí omi tó tòrò, ṣùgbọ́n bí orin bá sọ̀kalẹ̀ púpọ̀, ohùn náà á gbẹ, afẹ́fẹ́ nìkan ni ènìyàn á máa gbọ́. Ó tún ní àléébù kejì: bí àyà rẹ̀ bá ń já, ó máa ń fo ìlà orin. Nínú yàrá ẹ̀kọ́, èyí kò di wàhálà rí, nítorí pé ibi tó bá fò dé ni Débọ̀ ti máa ń pàdé rẹ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé òun ń fo nǹkan.

Orin tí wọ́n yàn fún ìdánwò rẹ̀ dá lé ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ mẹ́ta ni. Ohùn tí akọrin ń kọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ẹsẹ dé ẹsẹ, ṣùgbọ́n ti dùùrù yàtọ̀ pátápátá: ní ẹsẹ kejì, dùùrù ń sáré bí ìjì, ní ẹsẹ kẹta, ó ń rọra rìn bí ọkọ̀ tó ń dé èbúté. Kíì E-fúlátì ni wọ́n kọ ọ́ sí, kíì tó fẹ́ eyín dúdú púpọ̀.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri pé inú gbọ̀ngàn ńlá ni yóò ti wáyé, pẹ̀lú píánò ibẹ̀, nítorí pé olùdánwò kan ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn. Débọ̀ ka ìkéde náà tán, ó sì tún un kà. Píánò gbọ̀ngàn náà kò lo iná, kò sì ní bọ́tìnnì kankan. Ohun tí ó sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun yóò ti kọ́ kíì náà kí ọjọ́ tó pé. Ó gbìyànjú. Ọwọ́ ọ̀tún fẹ́ gbà. Ọwọ́ òsì, tó ti ń rin ọ̀nà kan láti ìgbà èwe, kọ̀ jálẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ ìdánwò, òun àti Òkìkíọlá lọ sí gbọ̀ngàn láti dán orin náà wò. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀. Débọ̀ jókòó, ó ṣí ìwé, ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí orí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín dùùrù. Ìka rẹ̀ tẹ igi náà. Ó gbé ọwọ́ kúrò kíákíá, ó tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orin, Òkìkíọlá sì wọlé gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Kò pẹ́ tí ó fi dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Débọ̀, ó ti lọ sílẹ̀ jù."

"Mo mọ̀."

"Kíì wo lẹ ń tẹ̀?"

"C."

Ọmọbìnrin náà wo igi dùùrù níbi tí ìka rẹ̀ ti kàn án. Òun náà ń lọ sí ìjọ; ó mọ àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù.

"Ha," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Bọ́tìnnì ni."

"Bọ́tìnnì ni."

"Gbogbo ìgbà tá a ti ń ṣe é?"

"Gbogbo ìgbà."

Òkìkíọlá jókòó sórí àtẹ̀gùn pèpéle. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dúnàádúrà.

"Mo lè kọ ọ́ nísàlẹ̀ yẹn. A ó sọ pé òtútù mú mi, pé ohùn mi ò lè gòkè. Kò sẹ́ni tí yóò bi yín ní ìbéèrè kankan."

"Kí o sì pàdánù máàkì?"

"Díẹ̀ náà ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé yín ni?"

Débọ̀ ṣí ìwé padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní kíì C, torí ọmọbìnrin náà fi dandan lé e. Ní ìparí ẹsẹ àkọ́kọ́, níbi tí orin ti sọ̀kalẹ̀ sí etí omi, kò sí ohùn kankan mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń mì, dùùrù nìkan ló ń dún.

Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Ajé, ipò náà wà lọ́wọ́ Débọ̀ bí ẹyin. Bí ó bá gbà kí Òkìkíọlá sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, oyè kejì kò ní í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn yòókù tí ó ń tẹ dùùrù fún ńkọ́? Ó lè sọ fún wọn pé kíì tó wà nínú ìwé kò bá ohùn wọn mu. Ọmọdé ni wọ́n, wọn á gbà á gbọ́. Ó ro gbogbo rẹ̀ dé òpin, ó sì rí i pé ó ṣeé ṣe. Ṣíṣe tí ó ṣeé ṣe yìí gan-an ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti jókòó nídìí kíbọ́ọ̀dù, òun ni ó máa ń wá akọrin lọ sí ibi tí akọrin bá wà. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kí ó kúrò níbi tí ohùn rẹ̀ wà kí ó wá bá òun.

Ní ọjọ́ Ajé, ó kan ilẹ̀kùn Dókítà Adéríbigbé.

"Mi ò lè tẹ̀ ẹ́, mà."

"Èwo?"

"Orin Òkìkíọlá. Àti ti àwọn yòókù. Kíì C nìkan ni mo mọ̀. Bọ́tìnnì ni mo ń lò."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọwọ́ mi."

"Mo dojú kọ fèrèsé lọ́jọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Nígbà tí o rí i pé mo dojú kọ fèrèsé, kí lo rò?"

"Mo rò pé Ọlọ́run ló ṣe é, mà."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

"Débọ̀, kì í ṣe àìmọ̀ọ́tẹ̀ rẹ ló dùn mí. Ẹ̀kọ́ ni gbogbo wa wá kọ́ níbí. Àwọn ọmọ yìí gbára lé ọ. Ìdánwò ti dé tán, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi."

"Ẹ má bínú, mà. Òkìkíọlá ní òun lè kọ ọ́ ní kíì C, ká sọ pé òtútù mú òun. Mi ò gbà."

"Kí ló dé?"

"Kò sí ohùn fún un nísàlẹ̀ yẹn."

Dókítà gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó lọ pe Jameelah wá. Jameelah wọlé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì yà á lẹ́nu bó ṣe yẹ.

"Orin mélòó, mà?"

"Gbogbo wọn."

"Ọ̀la ni?"

"Ọ̀túnla."

Jameelah yíjú sí Débọ̀. "Mo bi ẹ́ nípa eruku yẹn."

"O bi mí."

"O ní o ń tọ́jú wọn fún mi."

"Mo ti kó wọn lé ẹ lọ́wọ́ báyìí."

"Ẹ lè ṣeré yín níta," ni Dókítà wí. "Jameelah ni yóò tẹ dùùrù. Ìwọ Débọ̀, wàá jókòó tì í, wàá máa ṣí ìwé. Ní ti ipò rẹ, ó di ẹ̀yìn ìdánwò. Ohun tí mo bá rí ni màá kọ sí ìgbìmọ̀."

Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣí ìwé kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi yangàn. Yóò jókòó lápá òsì ẹni tó ń tẹ dùùrù, yóò dìde díẹ̀ bí ojú-ewé bá ń parí lọ, yóò ṣí i láìbo ìmọ́lẹ̀, yóò sì tún jókòó. Bí ó bá ṣe é dáadáa, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní Ọjọ́rú, Débọ̀ wọ aṣọ tó mọ́, ó sì ṣe é dáadáa. Jameelah tẹ orin kan tẹ̀lé òmíràn láìṣìnà. Ohun tó wà nínú ìwé gan-an ni ó ń tẹ̀, bí wọ́n ti kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré nìyẹn. Olùdánwò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbójú sókè, ń kọ̀wé lórí tábìlì nísàlẹ̀. Dókítà Adéríbigbé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó kan Òkìkíọlá. Ó gòkè wá, ó wo apá ibi tí dùùrù wà, ó rí Débọ̀ níbi tí kò yẹ kí ó wà, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. Jameelah bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ àkọ́kọ́ lọ geere, ohùn náà mọ́, ó sì dé etí omi láìgbẹ. Wọ́n parí rẹ̀. Ojú-ewé tó kàn, tó gbé ẹsẹ kejì, ti wà ní ṣíṣí níwájú Jameelah, ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbára dì fún eré.

Òkìkíọlá la ẹnu, ó mí. Bí ó ṣe mí ni Débọ̀ fi mọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ ẹsẹ kejì máa ń fa èémí kúkúrú, nítorí pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń sáré; èémí gígùn ni ọmọbìnrin náà fà. Kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ẹsẹ kẹta tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tán, Débọ̀ ti dìde, ó ti ṣí ojú-ewé méjì pa pọ̀, ó sì ti fi ìka lé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Jameelah yọ ìdajì ojú sí i bí ẹni tó fẹ́ gbá a lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí Òkìkíọlá ń kọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń mí, ó sì wọ inú ẹsẹ kẹta jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ tó ń dé èbúté.

Olùdánwò ń kọ̀wé rẹ̀ lọ. Òkìkíọlá kọrin náà dé òpin, ó tẹríba, ó sọ̀kalẹ̀. Kò mọ̀ pé òun fo nǹkan kan títí wọ́n fi jáde.

"Mo kọ́kọ́ rò pé orí ẹ ti dàrú ni," ni Jameelah wí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Díẹ̀ ló kù kí n fọ́ ẹ létí níwájú olùdánwò."

"Kí ni mo ṣe?" ni Òkìkíọlá béèrè.

"Ìwọ? O pa ẹsẹ odindi kan jẹ. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló bò ẹ́ láṣìírí."

Dókítà jáde bá wọn. Kò yìn wọ́n, kò sì bá wọn wí. Ó bi Débọ̀ ní ohun kan ṣoṣo: báwo ni ó ṣe mọ̀ kí Òkìkíọlá tó kọ ọ́? Débọ̀ ní èémí rẹ̀ gùn jù. Obìnrin náà mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìwé tí ó kọ sí ìgbìmọ̀ kò gùn. Ó sọ pé Débọ̀ Ọláníyì kò lè tẹ dùùrù ní àwọn kíì tí iṣẹ́ náà ń béèrè, pé ó sì fi èyí pa mọ́ fún òun fún ìgbà pípẹ́. Pé Débọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó wá sọ ọ́, nígbà tí ó lè fi ẹlòmíràn bò ó mọ́lẹ̀. Pé etí rẹ̀ sì wúlò fún ẹ̀ka náà. Ó dábàá pé kí Débọ̀ àti Jameelah pààrọ̀ iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ jiyàn lé e lórí. Ẹnì kan ní ẹ̀tàn ni ẹ̀tàn ń jẹ́. Níkẹyìn wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní odindi ọdún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fún àwọn yòókù. Ìdajì ọdún ni wọ́n fún un, wọ́n sì ní kí ó padà wá tẹ dùùrù fún àwọn kí wọ́n tó mọ èyí tí wọn yóò ṣe.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì ní ìdajì búrẹ́dì kì í ṣe òkúta.

Débọ̀ ń kọ́ àwọn ọdún kìíní báyìí. Lówùúrọ̀, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń lọ jókòó nídìí píánò gbọ̀ngàn, á sì máa tẹ orin ọmọdé ní kíì E-fúlátì, ọwọ́ òsì nìkan, bí ẹni tó ń kọ́ ìrìn. Níbẹ̀ ni Òkìkíọlá ti bá a ní ọjọ́ kan, tí ó fi àpò rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì dúró gbọ́.

"Ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa ṣe ìdánwò àṣekágbá," ni ó wí.

"Jameelah ni yóò tẹ̀ ẹ́ fún ọ."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ fún yín ni."

Débọ̀ wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ṣí i, ó tún pa á dé. "Ṣé wọ́n ti yan orin fún ọ?"

"Wọn ò tíì yàn án."

"Bí wọ́n bá yàn án, mú un wá kí n kà á," ni ó wí, ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin ọmọdé náà.